Wọ́n Ní Mo Ń Wú Fùkẹ̀

N kò lè gbàgbé ọjọ́ Ajé tí dókítà ojú fi hàn pé àìsàn ló ń ṣe mí, kì í ṣe ìgbéraga.

Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé mi ga lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ni àwọn ẹbí ọkọ mi ti ń sọ pé n kì í kí èèyàn mọ́. Àwa Okun sì rèé, ìkíni wa, "Okun o," ni wọ́n fi sọ wá lórúkọ! Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo jáde nílé wa ní àdúgbò Crusher, mo sì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá ọkọ mi láìrí wọn.

"Ìyàwó, ṣé òpó iná ni mí?" ni wọ́n pariwo. "Ipò ti jẹ́ kó o máa wú fùkẹ̀!"

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀, kí n tó lọ gba awò ojú nílé ìwòsàn. Dókítà tan iná sí ojú mi. Ó ní iṣan tó so ojú mọ́ ọpọlọ ti wú, òun ni n kì í fi í rí ẹni tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ya àwòrán orí mi.

"Kókó kan wà nínú orí yín, mà," ni dókítà wí. " Kì í ṣe jẹjẹrẹ, àmọ́ tá ò bá tètè yọ ọ́, ojú yín máa fọ́."

Mo ránṣẹ́ pe ọkọ mi. Bó ṣe dé ló ń pariwo lórí fóònù sí àwọn ará ilé: "Kókó ni o! Kì í ṣe ìgbéraga!"

Wọ́n ti yọ ọ́. Báyìí, kò sẹ́ni tí n kì í kí, títí kan ewúrẹ́. Mo rò pé Bàbá máa bẹ̀ mí ni. Wọ́n kàn yíjú sí àwọn ará ilé: "Ṣebí mo sọ fún yín pé nǹkan kan wú lára ọmọ yìí!"