Wáyà Tí Kò Ti Zaria Wá

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tí ẹ máa ń ka ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa, ẹ fún mi láyè díẹ̀. Ohun kan ṣẹlẹ̀ sí mi ní Kàdúná nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, ọdún díẹ̀ kí ogun àgbáyé kejì tó bẹ̀rẹ̀. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Mo ti darúgbó báyìí. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ nígbà tí mo ṣì lè kọ ọ́.

Akọ̀wé ni mí ní ilé wáyà nígbà náà. Èmi ni mo ń gba iṣẹ́ tí wọ́n bá fi wáyà rán, tí mo sì ń kọ ọ́ sórí ìwé fún ẹni tó ni ín. Ṣùgbọ́n dókítà ni mo fẹ́ jẹ́. Láti kékeré ni! Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn kan ní gúúsù kéde pé àwọn ń gba akẹ́kọ̀ọ́, ọjọ́ náà gan-an ni mo kọ̀wé béèrè fún fọ́ọ̀mù.

Gbogbo ìbéèrè inú fọ́ọ̀mù náà ni mo lè dáhùn, àfi ẹyọ kan: ṣé o ti gbéyàwó? Inú ọgbà ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa gbé fún ọdún púpọ̀, wọn kò sì fẹ́ ẹni tó ní aya.

Mo ní aya. Àbẹ̀kẹ́ ni orúkọ rẹ̀. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó nílé ni, mo sì mú un wọ rélùwéè wá sí Kàdúná. Yàrá tí a gbà ní àdúgbò Kawo jìnnà sí ibi tí àwọn akọ̀wé ẹlẹgbẹ́ mi ń gbé, wọn kò tíì mọ̀ pé mo mú aya bọ̀.

Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ "rárá". Ó ní ọdún díẹ̀ ni, yóò rékọjá. Mo kọ ọ́. Òyìnbó dókítà tó wà ní ilé ìwòsàn ìlú ló yẹ ara mi wò, tó sì kọ̀wé pé mo yẹ. Òun náà fi ẹnu ara rẹ̀ bi mí. Mo ní rárá, sà.

Àbẹ̀kẹ́ sọ ọ̀rọ̀ náà di àwàdà. Bó bá gbé oúnjẹ síwájú mi, á kúnlẹ̀, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò tíì níyàwó ni?"

Èmi á ní, "Mò ń wá ọ̀kan."

"Ẹ má wo ọ̀dọ̀ mi o! Èmi ò fẹ́ akọ̀wé. Dókítà ni mò ń dúró dè."

Ta ni kò ní rẹ́rìn-ín?

Lẹ́yìn náà ó lóyún. A ti ṣètò pé yóò lọ bímọ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ọjọ́ ìrìn-àjò rẹ̀ tó pé, ìrọbí mú un. Ìyá Sàlámọ̀, ará Ìlọrin tí yàrá rẹ̀ kángun sí tiwa, ló dúró tì í. Odindi ọjọ́ kan, ọmọ kò wá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ó jáde sí mi, ọwọ́ ní ìbàdí.

"Haba, Akọ̀wé! Kí lò ń wò? Gbé ìyàwó rẹ lọ sí asíbítì!"

"Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ sí i, Ìyá."

"Ká dúró de kí ni? Wallahi, bí ìwọ ò bá gbé e, èmi á pọ̀n ọ́n lọ!"

Kò mọ̀ pé dókítà yẹn ni mò ń bẹ̀rù. Ọ̀sán ti pọ́n kí n tó lọ wá ọkọ̀ akẹ́rù. Ìyá Sàlámọ̀ fẹ́ bá wa lọ, mo ní kó dúró sílé. Ẹ̀yin náà mọ ìdí rẹ̀.

Dókítà dá mi mọ̀. Ó tilẹ̀ béèrè bóyá èsì ilé-ẹ̀kọ́ ti dé. Lẹ́yìn náà ó wo Àbẹ̀kẹ́, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó béèrè ohun tí obìnrin yìí jẹ́ sí mi.

Mo ní àbúrò mi ni, sà.

Ọkọ rẹ̀ ńkọ́? Mo ní ó wà ní Zaria, iṣẹ́ rélùwéè ló ń ṣe. Yorùbá kan tó ń ṣe ògbufọ̀ fún dókítà tẹ̀ ba síwájú Àbẹ̀kẹ́.

"Ìyàwó, ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ nìyí?"

Ó la ojú, ó wò mí. Nínú ìrora yẹn!

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní. "Ẹ̀gbọ́n mi ni."

Dókítà ní iṣẹ́ abẹ nìkan ló kù, ṣùgbọ́n ọkọ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ kàn án. Ó ní èmi tí mo wà ní ilé wáyà, kí n tètè ránṣẹ́ sí Zaria.

Mo sáré dé ilé wáyà. Mo mú ìwé, mo kọ èsì ọkọ tí kò sí: "Mo gbà. Ẹ ṣe é." Mo fi orúkọ tí mo hùmọ̀ sí ìdí rẹ̀. Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

Lẹ́yìn náà mo jókòó. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Mo jókòó! Iṣẹ́ mi ni, mo sì mọ bó ṣe ń lọ. Wáyà yóò dé Zaria, wọn yóò wá ọkùnrin náà kiri ibùdó rélùwéè, yóò kọ èsì, èsì yóò padà. Kò lè dín ní wákàtí kan ààbọ̀. Bí mo bá yára jù, dókítà yóò fura. Mo tẹjú mọ́ aago ara ògiri.

Ẹlẹgbẹ́ mi kan rí mi. "Àpọ́n, ṣé aago yẹn lo fẹ́ gbé níyàwó ni?"

Mo bá a rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo padà dé, dókítà ka ìwé náà, wọ́n sì gbé Àbẹ̀kẹ́ wọlé. Ọmọ ti kú. Àbẹ̀kẹ́ tẹ̀lé e kí oòrùn tó wọ̀. Dókítà fọwọ́ kàn mí léjìká. Ó ní ká ní wáyà náà dé ní wákàtí kan ṣáájú ni, òun ì bá gbà á là. Ó ní kí n bá òun kí ọkọ rẹ̀.

Kí n bá a kí ọkọ rẹ̀!

Níbi ìsìnkú, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, tí mo ti pa irọ́ kan náà fún, ń kí mi kú ọ̀fọ̀ àbúrò, wọ́n sì ń bú ọkọ tí kò yọjú. Ọ̀kan ní, "Irú ọkọ wo nìyẹn? Láti Zaria níbẹ̀ yẹn!" Ìyá Sàlámọ̀ gbọ́. Ó wò mí títí, ó ní, "Akọ̀wé!" Ó yí padà, ó ń lọ sílé. Kò tún bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí mo fi kó kúrò ní Kawo.

Kí ló dé tí n kò jẹ́wọ́ kí n tó jáde nílé ìwòsàn lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn? Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Mo ṣì ń bi ara mi títí di òní.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, lẹ́tà dé. Wọ́n gbà mí sí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo kọ èsì pé n kò lè wá, nítorí pé mo ní ìyàwó.

Ilé wáyà ni mo wà títí mo fi fẹ̀yìn tì. N kò fẹ́ ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ̀wé sí yunifásítì lónìí, irọ́ tí mo pa lórí fọ́ọ̀mù kò tó nǹkan lójú mi. Títọ́jú rẹ̀ ló pa aya mi. Bí ó bá sì wà nínú yín ẹni tó ti sẹ́ ènìyàn rẹ̀ rí nítorí ipò, kó kọ̀wé sí wa. N kò wá ìtùnú, kò sì sí èyí tí ẹ lè fún mi. Ẹ ṣáà dárúkọ ẹni náà, kí ẹ sì kọ ohun tó jẹ́ sí yín.