Ibodè Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Ṣí

Òórùn amọ̀ tútù ló máa ń kọ́kọ́ padà sí mi lọ́kàn. Nínú ìsinmi gígùn kan, nígbà tí owó epo rọ̀bì ṣì pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ará Èkó, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbé àpótí eré kan láti Èkó wá sílé wa ní Òmù-Àrán. Àwọn ọmọ ogun kéékèèké tí wọ́n fi òjé ṣe ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú dáìsì àti ìwé òfin. A máa ń to ogun náà sórí tábìlì, a ó sì ta dáìsì láti mọ ẹni tó kú. Ṣùgbọ́n olúkúlùkù tún gbọ́dọ̀ di ẹnì kan nínú ìlú àròsọ náà, kí ó sì máa sọ̀rọ̀ bí ẹni náà.

Ọmọ Èkó fi ara rẹ̀ jẹ Balógun. Ó fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ, ó ń wọ bàtà gogoro nínú yàrá, kò sì lè ka ojú ewé kan nínú ìwé náà láìyán. Èmi ni mo kà á tán. Wọ́n fi mí ṣe olórí ẹ̀ṣọ́ ibodè. Òjé kò kárí, nítorí náà mo lọ sódò, mo fi amọ̀ mọ ogójì ọmọ ogun, mo sì sá wọn sóòrùn. Mo fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Bí mo ṣe gọ̀ tó nìyẹn. Ọmọ àǹtí mi láti Àrán-Ọ̀rin ló ń darí ọ̀tá: ó ní àwọn ère òkúta tó wà ní ìlú Èsìẹ́ ló jí dìde, tí wọ́n ń bọ̀ wá gba ìlú.

Balógun ṣèlérí pé bí ibodè kò bá ṣubú títí ìsinmi á fi parí, òun á fi àpótí náà sílẹ̀ fún mi. N kò fẹ́ nǹkan kan tó bẹ́ẹ̀ rí. Ibodè dúró, títí ó fi ku ọjọ́ kan kí Balógun padà sí Èkó. Lọ́jọ́ náà, ìdúró ti sú u, ó fẹ́ rí ìjà.

"Ṣí ibodè, kí àwọn ẹ̀ṣọ́ jáde lọ bá wọn."

"Balógun, a ò ní jáde. Wọ́n pọ̀ jù wá lọ." Ìwé òfin gbà kí olórí ẹ̀ṣọ́ kọ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀.

"Èmi lò ń dá lóhùn báyẹn?"

"Bọ̀ọ̀dá, olórí ẹ̀ṣọ́ ló ń sọ̀rọ̀."

"Olórí ẹ̀ṣọ́ wo? Ta ni wọ́n kọ́kọ́ bí nínú àwa méjèèjì?"

Ìyá àgbà gbọ́ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ta ló ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jiyàn níbẹ̀ yẹn? Kúnlẹ̀, kí o bẹ̀ ẹ́."

Olórí ẹ̀ṣọ́ tí kò bẹ̀rù òkúta kúnlẹ̀ sórí símẹ́ńtì, ó nawọ́, ó sì ṣí ibodè. Kò pẹ́ tí gbogbo ogójì fi kú. "Amọ̀ lásán," ni Balógun wí. Ó gbá wọn kúrò lórí tábìlì, ó sì kó òjé rẹ̀ sínú àpótí.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, owó bàbá rẹ̀ tán nígbà tí nǹkan le, Balógun sì padà wá sílé wa, kò sì lọ mọ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn náà ló máa ń jókòó sí, tí yóò máa rán ẹni tó bá kọjá níṣẹ́. Ohùn Balógun kò yí padà. Láìpẹ́ yìí, mo gbọ́ tí ó ń sọ fún àwọn àlejò pé òun lòun di ibodè yẹn mú dópin. Mo bu omi fún wọn.

Ìwé òfin náà wà nínú àpótí aṣọ mi. Mo yọ ọ́ lọ́jọ́ tí ibodè ṣubú, kí Balógun tó ti àpótí eré rẹ̀. Títí di òní kò tíì bèèrè rẹ̀, nítorí kò mọ̀ pé ó sọnù. Ojú ewé tó sọ pé olórí ẹ̀ṣọ́ lè kọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Mo máa ń kà á láàárọ̀ nígbà mìíràn. Lẹ́yìn náà n óò pa ìwé dé, n óò jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, n óò sì kúnlẹ̀ kí i.