Ìbéèrè Tí Tanyinọ Bá Mi Dáhùn

Nílé wa ní Àgbádárìgì, ìbéèrè mi ti sú gbogbo ènìyàn. Bàbá mi a ní abèèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n kí n jẹ́ kí òun jẹun ná. Nígbà tí mo gbọ́ pé yunifásítì ń gba obìnrin, ó wù mí débi pé oorun ò kùn mí mọ́. Mo ṣe ìdánwò, mo yege. Ó wá ku kí n lọ fojú kan àwọn òyìnbó tó ń yan akẹ́kọ̀ọ́ ní Èkó. Bí mi ò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, ó parí nìyẹn.

Tanyinọ mi ló sìn mí lọ. Bẹ́ẹ̀ ni àwa Ògù ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá ẹni tó jẹ́ obìnrin. Àwa àti ọmọkùnrin kan láti Mowo, tóun náà ń lọ bá àwọn òyìnbó, la jọ wọkọ̀ ojú omi. Ká tó gúnlẹ̀, Tanyinọ ti wádìí gbogbo ìdílé rẹ̀. Ìyẹn ni mo fi jọ ọ́.

Ọmọ Mowo ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Nígbà tó jáde, ó ní wọ́n bi òun nípa ìṣirò àti ewéko. Inú mi dùn, torí mo mọ méjèèjì.

Mo wọlé. Òyìnbó àgbà wò mí, ó ní ṣé mi ò ní lọ sílé ọkọ láìpẹ́, kí àyè tí wọ́n bá fún mi ní yunifásítì wá ṣòfò. Ó dùn mí. Láàrin àwa Ògù, ọmọbìnrin kì í fẹnu ara rẹ̀ dáhùn ọ̀rọ̀ ọkọ. Tanyinọ rẹ̀ ní í bá a dáhùn. Òyìnbó náà tún bi mí. Mo ní ẹni tó máa dáhùn wà níta.

Wọ́n pè é wọlé. Akọ̀wé wọn ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ òyìnbó fún un. Bí Tanyinọ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkọ, ó gbà pé ọ̀kan nínú wọn ló ń tọrọ mi. Ó ní a kì í tọrọ ìyàwó nínú ọ́fíìsì, kí wọ́n kó ẹbí wọn wá sí Àgbádárìgì. Akọ̀wé pa ẹ̀rín mọ́ra, ó là á yé e pé wọn kò fẹ́ fi àyè ṣòfò sórí ẹni tó máa ṣègbéyàwó.

Tanyinọ ní: "Ọmọ Mowo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ńkọ́? Ìyàwó ẹ̀ ń bẹ nílé, ó lóyún. Ṣé ẹ bi òun náà?"

Kò bínú, ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. Akọ̀wé túmọ̀ rẹ̀. Òyìnbó àgbà ṣí ìwé iwájú rẹ̀, ó sì bi mí nípa ewéko.

Wọ́n gba àwa méjèèjì. Ní sáà àkọ́kọ́, ìyàwó ọmọ Mowo bímọ. Bàbá ọmọ kò pa kíláàsì kankan jẹ.