Ẹ̀ẹ̀mẹta Péré ni Nọ́ọ̀tì Náà Yí

"Mọ́mì, ẹ pe Dádì wá." Kò sí ọ̀rọ̀ tí mo kórìíra tó èyí lẹ́nu àwọn mẹkáníìkì. Bí mo bá dé ọ̀dọ̀ wọn tí mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yìn mi ni wọ́n á máa wò, bóyá ọkùnrin kan ń bọ̀. Dádì tí wọ́n ń wí yìí, ọkọ mi, olùkọ́ ni. Kò mọ ibi tí wọ́n ń rọ omi sí nínú mọ́tò. Èmi ni ọmọ awakọ̀. Ifọ̀ ni wọ́n bí mi sí, abẹ́ lọ́rì bàbá mi ni mo sì ti ń ṣeré.

Bàbá mi kì í gbéra láàárọ̀ láì tú nọ́ọ̀tì kan lára táyà kọ̀ọ̀kan. Á fi ìka dá a padà, á máa kà á sókè bó ṣe ń yí: ení, èjì, ẹ̀ta, títí tí yóò fi le. Bí kò bá tó méje, lọ́rì kò ní kúrò lójú kan. Á ní, "Nọ́ọ̀tì tí kò rí irin jẹ, àlejò ni. Á padà sílé ẹ̀." Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe àìmọ̀kan ni mo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ mi.

Mọ́tò mi ti dàgbà ju àbígbẹ̀yìn mi lọ. Àdúgbò wa ní Mowe sì rèé, àgbàrá ti gbẹ́ títì di kòtò, òkúta ń ha abẹ́ mọ́tò bí ẹni ń ha ẹ̀ẹ́pá ìkòkò. Mo bá ra ríìmù àti táyà ńlá kí mọ́tò lè ga díẹ̀. Táyà náà fẹ̀ jù, ó ń ha irin inú. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan ní Ibafo tó jẹ́ alàgbà nínú ìjọ wa, òun ni gbogbo ìjọ ń gbé mọ́tò wọn fún. Ó ní sípésà ló máa yanjú ẹ̀, ìyẹn irin pẹrẹsẹ tí wọ́n ń tì sẹ́yìn ríìmù kí táyà lè sún síta. Kò burú. Ṣùgbọ́n bí irin bá ti dí àárín, bóòtù tí nọ́ọ̀tì ń wé mọ́ kò ní gùn tó mọ́. Ńṣe ló yẹ kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n fi èyí tó gùn rọ́pò. Ẹni tó bá ti wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì rí kó tó so okùn bàtà mọ ohun tí mò ń sọ.

Alàgbà kò yọ nǹkan kan. Nígbà tó parí, mo bẹ̀rẹ̀ wò ó, mo rí i pé orí bóòtù ti sá wọnú nọ́ọ̀tì bí orí ahun. Mo gba sípánà, mo tú ọ̀kan, mo fi ìka dá a padà. Ení, èjì, ẹ̀ta. Ó le.

Mo ní, "Alàgbà, kò gùn tó. Ẹ bá mi fi bóòtù gígùn sí i."

Ó rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, bí a ṣe ń ṣe é fún gbogbo èèyàn nìyí. Ẹ̀jẹ̀ Jésù wà lórí ẹ̀."

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ gbè é: "Mọ́mì, nó wọ́rì. Àbí ẹ fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù mọ́ ọ̀gá wa lọ́wọ́ ni?"

Gbogbo wọn fi mí rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo wọ mọ́tò mi, mo wà á lọ.

Kò tó oṣù kan lẹ́yìn náà tí mo fi gbé àkọ́bí mi lọ síbi tó ti ń gba ìtọ́jú aboyún ní Ibafo. Ọdún méje ló lò nílé ọkọ kó tó lóyún, oyún ọ̀hún sì ti wọ oṣù kẹjọ. A ti wà lójú ọ̀nà márosẹ̀ nígbà tí sítíárì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ mi. Nǹkan kan ń dún kò-kò-kò nísàlẹ̀.

Ọmọ mi ní, "Mọ́mì, kí ló ń dún yẹn?"

Mo rọra yà kúrò lójú títì, mo sọ̀ kalẹ̀. Táyà iwájú ni, lápá ibi tí ọmọ mi jókòó sí. Nọ́ọ̀tì márùn-ún ló yẹ kó wà níbẹ̀. Mo bá méjì, àwọn méjèèjì sì ń jó lórí bóòtù. Tírélà kan ré kọjá, atẹ́gùn rẹ̀ fẹ́ gèlè kúrò lórí mi. Ọmọ mi fọwọ́ méjèèjì di ikùn mú.

Mo pe alàgbà, ọ̀kadà ló gbé e dé. Ó wo táyà, ó mi orí. "Mọ́mì, ayé le o. Ojú lásán kọ́ lèyí. Àwọn kan ò fẹ́ kí oyún yìí gúnlẹ̀ láyọ̀, ṣùgbọ́n ojú ti tì wọ́n!" Bó ṣe ń wí bẹ́ẹ̀ ló ń kó nọ́ọ̀tì tuntun jáde lápò, ó fẹ́ dè wọ́n mọ́ bóòtù kúkúrú yẹn kan náà.

Inú mi ru. Ayé wo? Ṣé ayé ló ti irin sẹ́yìn ríìmù mi? Mo ní kó má fọwọ́ kàn án mọ́. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ẹnìkan nínú ìjọ ti ń pè mí pé kí n máa ṣọ́ ìyá ọkọ ọmọ mi. Obìnrin tó ń gbààwẹ̀ ní Mọ́ńdè àti Tọ́sìdé nítorí oyún yìí kan náà! Torí pé ẹnìkan kò fẹ́ ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ, ìyá onígbàgbọ́ òdodo fẹ́ di àjẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo háyà ọkọ̀ tó ń gbé mọ́tò, ó di Ifọ̀, lọ́dọ̀ bàbá àgbà kan tó máa ń tún lọ́rì bàbá mi ṣe nígbà ayé rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó fi òòlù lu àwọn bóòtù àtijọ́ jáde, ó ki àwọn tó gùn bọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn, ó fi nọ́ọ̀tì fà wọ́n títí wọ́n fi jókòó. Ogún bóòtù, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Oòrùn kò tíì kan àtàrí tó fi ṣe tán.

Ó ní, "Wá kà á fúnra ẹ."

Mo kà á. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ló yí kó tó le. Ńṣe ni inú tún bí mi sí i. Nǹkan tí ì bá mú ọmọ mi lọ, iṣẹ́ àárọ̀ ọjọ́ kan péré ni àtúnṣe ẹ̀!

Bàbá wò mí. "Bóòtù kúkúrú tó o gbé wá ńkọ́, o ò kà á ni?" Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, pásítọ̀ ní kí n wá jẹ́rìí. Alàgbà fúnra rẹ̀ ló gbé máíìkì fún mi, ó ń rẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Kì í ṣe ọ̀tá ló tú nọ́ọ̀tì mọ́tò mi."

"Alelúyà!"

"Bóòtù ló kúrú. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni nọ́ọ̀tì yí."

"Alelúyà!" Ó ti mọ́ wọn lẹ́nu.

"Ẹ̀yin tí alàgbà fi sípésà sí mọ́tò yín, ẹ lọ kà á. Ìyá ọkọ ọmọ mi kò ṣe nǹkan kan."

Ibẹ̀ ni wọ́n ti dákẹ́. Pásítọ̀ rọra gba máíìkì lọ́wọ́ mi, ó ní ká kọrin. Alàgbà ń wo ilẹ̀. Mo gbọ́ tí ìyá kan lẹ́yìn mi ń sọ pé mo dójú ti ẹni Ọlọ́run, mi ò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ara mi yá gágá. Mo jáde bí ẹni tó jà tó sì borí.

Ọmọ mi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò. Kò ṣílẹ̀kùn.

"Mọ́mì, ta ló ka ẹ̀ẹ̀mẹta yẹn?"

"Èmi ni."

"Lójú títì níjọ́ yẹn?"

Irọ́ wà lẹ́nu mi, mo gbé e mì. "Rárá. Lọ́jọ́ tó fi sípésà sí i."

"Kí ẹ tó gbé mi."

"Kí n tó gbé ẹ."

Mo sọ fún un pé mo sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, pé ńṣe ni wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ẹ wá tìtorí ẹ̀rín gbé èmi àti ọmọ mi sínú ẹ̀."

Mo ṣílẹ̀kùn fún un, kò wọlé.

Ó ní, "Ẹ tú ọ̀kan fún mi."

Mo mú sípánà, mo tú u. Ó di ara mọ́tò mú, ó rọra kúnlẹ̀ pẹ̀lú ikùn rẹ̀, ó ń fi ìka yí nọ́ọ̀tì náà padà, ó ń kà á sókè lójú àwọn èèyàn tó ń jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó kà á dé mẹ́sàn-án. Kò dìde. Ó ní kí n tú ìkejì.