Èdè Ìyá Àgbà Ará Kakanda

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Kabawa, ẹ̀yin ọmọ mi, èdè Ọ̀wọ́rọ̀ la ń sọ nílé, a ń fi Hausa rajà, a sì ń fi Nupe kí àwọn apẹja. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà kan wà nílé tó tẹ̀ lé tiwa tí kò gbọ́ ọ̀kankan nínú wọn. Ará Kakanda ni, àwọn ènìyàn etí Odò Ọya tí wọn kò pọ̀ rárá. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó fẹ́ ará Ọ̀wọ́rọ̀, ló mú un wá sọ́dọ̀ nígbà tí omi gba ilé rẹ̀. Kò pẹ́ sí i ni ọmọ náà kú.

Bí ìyá àgbà ṣe di ẹni tí kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀ mọ́ nìyẹn. A máa ń kúnlẹ̀ kí i, á rẹ́rìn-ín, ó parí. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ pàápàá, èdè bàbá wọn nìkan ni wọ́n gbọ́. Àkọ́bí wọn obìnrin ni ọ̀rẹ́ mi. Ó gbé ẹní rẹ̀ lọ sí yàrá ìyá àgbà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nawọ́ sí nǹkan: omi, iná, ẹja, igbá. Ìyá àgbà á pè é, òun náà á pè é. Bó bá ṣì í pè, ẹ̀rín àwọn méjèèjì la máa ń gbọ́ nílé wa. Nígbà tí ọyẹ́ fi máa dé, wọ́n ti ń bá ara wọn ṣàwàdà.

Nígbà tó yá, àìsàn dá ìyá àgbà dùbúlẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó sọ ọ̀rọ̀ gígùn kan.

“Kí ni wọ́n wí?” bàbá ọ̀rẹ́ mi bi ọmọ rẹ̀.

“Wọ́n ní kí ẹ gbé àwọn lọ sílé. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kú sáàárín àwọn tí kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn àwọn.”

Bàbá ní, “Àwọn ènìyàn á ní mo lé ìyá ìyàwó mi jáde ni.”

“Wọn ò lè sọ ọ́ fún yín fúnra wọn, Bàbá. Èmi ni wọ́n ní kí n bá àwọn bẹ̀ yín.”

Ní ọjọ́ kejì, bàbá wá ọkọ̀ ojú omi, ọ̀rẹ́ mi sì bá wọn lọ. Ó ní bí wọ́n ṣe gúnlẹ̀ báyìí ni àwọn obìnrin etí odò bẹ̀rẹ̀ sí í kí ìyá àgbà, tí ìyá àgbà náà sì ń dá wọn lóhùn láìsinmi. Ibẹ̀ ló kú sí, láàárín àwọn tó gbọ́ ọ.

Ayé ti yí padà. Àwọn ọmọ-ọmọ tèmi náà ń gbọ́ Ọ̀wọ́rọ̀, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. N kì í bá wọn jà. Bí mo bá sọ̀rọ̀ tán, mo kàn máa ń dákẹ́ díẹ̀, kí n wò ó bóyá ẹnì kan nínú wọn yóò gbìyànjú. Èyí tó kéré jù ti bẹ̀rẹ̀.