Omi Gba Àgbàlá Wa Kọjá

Tí mo bá ń gba Ìdímù kọjá, tí mo rí ibi tí wọ́n ti ń kó ẹrẹ̀ gọ́tà sójú ọ̀nà, òórùn rẹ̀ máa ń gbé mi padà sí àdúgbò wa ní Ìgandò.

Nígbà náà, bí òjò bá ti rọ̀, ilé Ìyá Ìbàdàn, arúgbó tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ òpópónà wa, ni gbogbo omi àdúgbò ń wọ̀. Á gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lé orí búlọ́ọ̀kù, á jókòó sórí rẹ̀ títí omi á fi fà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn ọkùnrin àdúgbò gbé ṣọ́bìrì àti díígà wọ àgbàlá wa. Wọ́n wó apá kan fẹ́ǹsì, wọ́n sì ń gbẹ́ gọ́tà gba ẹ̀gbẹ́ ilé wa lọ sí odò tó wà lẹ́yìn. Ẹ̀rù bà mí.

"Mọ́mì, kí la ṣe fún wọn?"

"A ò ṣe nǹkan kan. Omi ló ń wá ọ̀nà."

Màmá mi fún wọn lómi mu, ó wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ilẹ̀ tí wọ́n ń gbẹ́. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ilẹ̀ tó yọ̀ǹda fún wọn yẹn ló ti fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe parí ni òjò dé. Omi pupa ya wọ inú gọ́tà, ó ń gbé ọ̀rá àti ewé lọ. Màmá mi mú agbòjò, ó fà mí lọ́wọ́, ó di ọ̀dọ̀ Ìyá Ìbàdàn. A bá a lórí bẹ́ẹ̀dì, ó kó bàtà rẹ̀ mọ́ra.

"Ẹ sọ̀kalẹ̀, Mà. Omi ò wá síbí lónìí."

Ìyá àgbà na ẹsẹ̀ kan, ó fi kan ilẹ̀ ná. "Ó mà gbẹ lóòótọ́," ó wí, ó sì gbé ìkejì sọ̀kalẹ̀.