Láti Ìjẹ̀gùn dé Gowon Estate, Nítorí Ọwọ́ Ìyá Mi

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ nígbà tí èmi àti ìyá mi ti ilẹ̀kùn ilé wa ní Ìjẹ̀gùn. Gowon Estate là ń lọ, sí ilé iṣẹ́ rédíò kékeré kan tí wọ́n ti fẹ́ sọ̀rọ̀ ìyá mi láìpè é síbẹ̀.

Ẹ̀yin ará ilé l'Ékìtì, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Ọkùnrin kan tó fẹ́ jẹ alága káńsù wá ṣèpàdé ní pápá ilé ìwé àdúgbò wa. Ó ní, "Ẹni tí kò bá dìbò fún wa, ẹ ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀!" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ìyá mi, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, dìde, ó nawọ́ sókè, ó bèèrè pé, "Ṣé ẹsẹ̀ tèmi náà wà níbẹ̀?" Lọ́dọ̀ yín, bí àgbà bá nawọ́ báyìí, gbogbo ìpàdé á dákẹ́. Níbí, orin ni wọ́n fi bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Fídíò tó wá gba orí fóònù gbogbo èèyàn parí síbi tí ọwọ́ rẹ̀ wà lókè; wọ́n ti gé ìbéèrè rẹ̀ kúrò. Ẹgbẹ́ ọkùnrin náà ní ẹ̀fẹ̀ ni, ẹ wo bí inú màmá ṣe ń dùn. Ẹgbẹ́ kejì, tó ń bá wọn du ipò náà, ní ẹ wo ìyá àgbà tó ń kan sáárá sí ìwà ipá. Ìyá Ráṣídì, aládùúgbò wa, tí ọmọ rẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ kejì, kò dá ìyá mi lóhùn mọ́. Ìyẹn ló dùn ún jù.

Ọ̀nà Ìjẹ̀gùn kò láàánú ẹnikẹ́ni. Ọ̀kadà la gùn, ẹgbẹ̀rún náírà fún àwa méjèèjì dé Ìkòtún. A ò tíì dé ìdajì ọ̀nà nígbà tí ọlọ́kadà bojú wẹ̀yìn.

"Màmá, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ wà nínú fídíò yẹn? Ẹ gbayì jàre! A máa ṣẹ́ wọn lẹ́sẹ̀ ṣá ni!"

"Dúró," ni ìyá mi wí.

Ó sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Mo sanwó, mo tẹ̀ lé e, inú ń bí mi burúkú. A fẹsẹ̀ rìn dé Ìkòtún.

Nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá tó gbé wa gba Ẹ̀gbẹ́dá lọ sí Gowon Estate, awakọ̀ àti ọkùnrin tó jókòó tì wá ń jiyàn.

"Ẹ̀fẹ̀ ló ṣe, àbí ẹ ò rí màmá yẹn bó ṣe ń dunnú?"

"Ẹ̀fẹ̀ kẹ̀? Màmá yẹn gan-an ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ mú!"

Kò sí èyí tó wo ojú ẹni tó jókòó sáàárín.

Títì Gowon Estate gbẹ, ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ wa sì lẹ̀ mọ́ gbogbo ilẹ̀ ilé iṣẹ́ rédíò. Agbẹnusọ ẹgbẹ́ méjèèjì ti jókòó. Atọ́kùn ètò náà, obìnrin kan tó mọ̀wà hù, fún ìyá mi ní àga. Ìyá mi sọ gbogbo rẹ̀ lórí afẹ́fẹ́, títí kan orin tí wọ́n fi bò ó mọ́lẹ̀.

Agbẹnusọ ẹgbẹ́ ọkùnrin tó fẹ́ jẹ alága náà gbaná jẹ. "Màmá, ẹ má bínú o, ta ló rán yín wá?"

"Ẹsẹ̀ tí ẹ ní kí wọ́n ṣẹ́ ló gbé mi wá."

Agbẹnusọ ẹgbẹ́ kejì pàtẹ́wọ́. Ìyá mi kọjú sí i. "Ìwọ náà, ta ló gé ìbéèrè mi kúrò? Má pàtẹ́wọ́ fún mi."

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí a délé. Fídíò náà ṣì ń lọ káàkiri. Ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi ni pé ẹgbẹ́ méjì lè máa bá ara wọn jà, kí wọ́n sì jọ pa ẹnì kan náà lẹ́nu mọ́. Èmi ò ní gbà fún wọn.

Ìyá Ráṣídì jókòó sẹ́nu ọ̀nà wa, rédíò wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kò tọrọ àforíjì. Ó gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wá, ó sì ki ẹsẹ̀ ìyá mi bọ̀ ọ́.

Ìyá mi wò mí. "Ìgbà wo ni ẹgbẹ́ kejì ń bọ̀ wá ṣèpàdé tiwọn ní pápá?"

"Sátidé, mà."

"Iwájú pátápátá ni kí o gbé àga mi sí."

Ìyá Ráṣídì ò gbójú sókè níbi tó ti ń fọ ẹrẹ̀. "Gbé tèmi náà tì í," ló wí.